Kọ́ńtíróòlù: pákí àtijọ́ tí olùwádìí ń gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun

Ní ọ̀nà Alábàtà ní Abẹ́òkúta, níbi tí FUNAAB wà, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, oko ìwádìí pákí kì í rí bí oko àgbẹ̀. Wọ́n máa ń pín irú oko bẹ́ẹ̀ sí abala kéékèèké, wọ́n sì máa ń ri èèkàn mọ́ igun wọn. Láàrin àwọn ẹ̀yà tuntun tí wọ́n ń yẹ̀ wò, wọ́n á tún gbin pákí àtijọ́ tí gbogbo wa ti mọ̀. Abala pákí àtijọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní kọ́ńtíróòlù. Abala àfiwé ni èmi máa ń pè é, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an nìyẹn.

Bí ẹ̀yà tuntun bá ta ju pákí èṣí lọ, a kò tíì mọ ohun tó fà á. Ó lè jẹ́ pé òjò ọdún yìí ló dára, tàbí pé ilẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sinmi tán. Àfi bí a bá gbin méjèèjì lọ́jọ́ kan náà sórí ilẹ̀ kan náà, tí òjò kan náà pa wọ́n, tí a sì jọ roko wọn pọ̀, ni a tó lè sọ pé ẹ̀yà ló mú ìyàtọ̀ wá.

Síbẹ̀, ilẹ̀ kan náà kì í dọ́gba. Ẹni tó bá ti kọ ebè rí mọ̀ pé pákí ìdí ọ̀gán kì í rí bí ti orí òkúta wẹ́wẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbin ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin káàkiri oko, tí wọ́n sì ń ṣẹ́ gègé láti mọ abala tó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ilẹ̀ tó lọ́ràá jù ta irúgbìn tirẹ̀ lọ́rẹ, ì báà tilẹ̀ jẹ́ láìfura.

Mo ti dé oko ìfihàn kan rí tí wọ́n da ajílẹ̀ sí ìdí ẹ̀yà tuntun nìkan. Ó dùn mí, nítorí àwọn àgbẹ̀ fi owó ra igi pákí náà lọ sílé.

Lọ́jọ́ ìkórè, wọn kì í wọn pákí tó wà létí abala, nítorí ó ń rí oòrùn àti àyè ju ti àárín lọ. Bí a bá gbìn ín ní mítà kan síra, 10,000 ìdí ló wà lórí hẹ́kítà kan. Àṣìṣe ìdajì kílò lórí ìdí kan á di tọ́ọ̀nù 5.

Fún àwa Ẹ̀gbá tí a ń wá láfún, títóbi nìkan kò tó, nítorí pákí ńlá lè kún fún omi. Wọ́n á kọ́kọ́ wọn pákí lókè, láìtíì kì í bọ omi, wọ́n á sì tún so ó rọ̀ sínú omi wọ̀n: bí méjì bá wúwo bákan náà lókè, èyí tó wúwo jù nínú omi ló ní ìyẹ̀fun jù. Ọjọ́ kan náà ni kí a hú pákí méjèèjì, nítorí bí òjò bá dé lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, tí pákí sì ń rúwé tuntun, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ á dínkù.

Ẹni tó bá fẹ́ dán ẹ̀yà tuntun wò lóko ara rẹ̀ lè fi pákí tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ojú méjì tàbí mẹ́ta, kí ó sì so àkísà mọ́ èèkàn abala kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó ń bá a hú u má baà da méjèèjì pọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan.