Ìwọ̀n ikú jẹjẹrẹ láàárín àwọn Hispanic: kí ló dé tí ti Texas ò fi jọ ti Florida?

Ẹni tó bá ń tẹ̀lé ìròyìn ìlera láti Amẹ́ríkà á ti gbọ́ ọ rí pé jẹjẹrẹ kì í pa àwọn Hispanic tó bó ṣe ń pa àwọn aláwọ̀ funfun. Kì í ṣe irọ́. Bí a bá kó gbogbo oríṣi jẹjẹrẹ pọ̀, ìwọ̀n ikú tiwọn fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 dín sí ti aláwọ̀ funfun. Àmọ́ ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ bá obìnrin kan tó ń gbé létí odò Rio Grande, níbi tí Texas ti bá Mẹ́síkò pààlà, tí kò rí dókítà sójú láti bí ọdún mẹ́wàá. Tàbí kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún bàbá ará Kúbà kan ní Miami, ní Florida, tó ti ń fa sìgá látìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ tú palẹ̀ ni "ìwọ̀n ikú", pàápàá irú èyí tí àwọn oníṣirò ti mú ọjọ́ orí dọ́gba nínú rẹ̀. Láìsí i, kò sẹ́ni tó lè fi ìpínlẹ̀ kan wé èkejì kó má ṣi ara rẹ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ká tó débẹ̀, ta ni wọ́n ń pè ní Hispanic gan-an?

Ìjọba Amẹ́ríkà ló kan àpótí náà fúnra wọn. Lọ́dún 1976 ni ilé aṣòfin wọn ṣe òfin pé kí wọ́n máa kó ìṣirò jọ nípa àwọn tí orírun wọn jẹ́ ilẹ̀ elédè Sípáníìṣì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìlànà jáde fún gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba. Nígbà ìkànìyàn 1980 ni wọ́n wá bi gbogbo ará ìlú léèrè bóyá Hispanic ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ kọ́ ni o: ènìyàn dúdú lè jẹ́ Hispanic, funfun náà lè jẹ́ ẹ. Ọmọ Mẹ́síkò wà níbẹ̀, ọmọ Puerto Rico wà níbẹ̀, ará Kúbà, ará Dominican Republic, ará El Salvador, títí kan ẹni tó bọ́ọ̀lẹ̀ láti Sípéènì lánàá. Wọn ò ka ará Bràsíl mọ́ wọn torí Potogí ni wọ́n ń sọ. Ìkànìyàn 2020 bá ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 62 nínú àpótí kan ṣoṣo yìí. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní London kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bó ṣe ń rí. Nínú fọ́ọ̀mù ìkànìyàn tiwọn, àpótí "African" kan náà ni Yorùbá àti ará Sòmálíà jọ ń fàmì sí.

Bẹ́ẹ̀ wọn ò pín káàkiri déédéé. Àwọn tó wá láti Mẹ́síkò ló pọ̀ jù ní Texas àti California. Gúúsù Florida ni àwọn ará Kúbà kóra jọ sí, àwọn ọmọ ọmọ Lùkùmí, ìyẹn àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, wà láàárín wọn. Ní New York àti àwọn ìpínlẹ̀ tó múlé gbè é, ọmọ Puerto Rico àti ọmọ Dominican lẹ máa bá. New Mexico tún yàtọ̀ pátápátá. Àwọn ìdílé kan wà níbẹ̀ tí baba ńlá wọn tẹ̀dó lọ́dún 1598, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé Jamestown lọ́dún 1607 rárá, àmọ́ lójú fọ́ọ̀mù, ọ̀kan náà ni wọ́n pẹ̀lú ẹni tó kọjá ààlà ní oṣù tó kọjá. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé ìyàtọ̀ agbègbè wà nínú ikú jẹjẹrẹ àwọn Hispanic, apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ibi tí wọ́n ń gbé, apá kan sì jẹ́ ti ibi tí bàbá wọn ti wá. Ìyẹn ò rọrùn láti yà sọ́tọ̀.

Ó yá, ká wá sórí ìṣirò.

Ẹ ka iye ènìyàn tí jẹjẹrẹ pa ní ìlú kan láàárín ọdún kan, ẹ fi iye ará ìlú náà pín in, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di iye lórí 100,000 ènìyàn. Ó parí. Èmi ń pe èyí ní ìwọ̀n ṣákálá. Àléébù rẹ̀ ni pé àgbà ni jẹjẹrẹ sábà máa ń bá jà. Ìlú tí arúgbó bá pọ̀ sí á máa sin òkú jẹjẹrẹ ju ìlú tí ọ̀dọ́ kún, kódà bí ìtọ́jú ilé ìwòsàn ibẹ̀ bá dára jù.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe wò ó. Ká ní ìlú méjì wà, Òkè àti Odò, 100,000 ènìyàn ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Òkè, 90,000 ni ò tíì pé ẹni 50 ọdún, àwọn àgbà jẹ́ 10,000 péré. Ní Odò, ìdajì jẹ́ àgbà, ìdajì jẹ́ ọ̀dọ́. Jẹjẹrẹ pa ọ̀dọ́ 9 àti àgbà 50 ní Òkè, àpapọ̀ 59. Ní Odò ó pa ọ̀dọ́ 4 àti àgbà 200, àpapọ̀ 204. Ẹni tó bá yára wò ó á ní kí gbogbo ayé kó lọ sí Òkè.

Ẹ dúró ná. Nínú àwọn ọ̀dọ́ Òkè, 10 ló ń kú nínú 100,000. Ti Odò jẹ́ 8. Nínú àwọn àgbà Òkè, 500 ló ń kú nínú 100,000. Ti Odò jẹ́ 400. Ọ̀dọ́ ni o, àgbà ni o, Odò ló sàn. Arúgbó tó pọ̀ níbẹ̀ nìkan ló ba ojú ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́.

Ohun tí àwọn oníṣirò wá ń ṣe ni pé wọ́n á wá ìlú kẹta tí kò sí níbì kankan, ìlú orí ìwé, tí wọ́n ti pinnu iye ọ̀dọ́ àti iye àgbà inú rẹ̀. Ká ní ọ̀dọ́ 70,000 àti àgbà 30,000. Wọ́n á ní: bí àwọn ará ìlú orí ìwé yìí bá ń kú bí wọ́n ṣe ń kú ní Òkè, mélòó ló máa kú? Ọ̀dọ́ 7 àti àgbà 150, ìyẹn 157. Bí wọ́n bá ń kú bí ti Odò ńkọ́? Nǹkan bí 6 àti 120, àpapọ̀ rẹ̀ tó 126. Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Iye 157 àti 126 yìí ni ìwọ̀n tí a mú ọjọ́ orí dọ́gba nínú rẹ̀. Kì í ṣe iye òkú tí ẹnikẹ́ni sin. Òṣùwọ̀n ni, bíi kóńgò tí ìyá oníràìsì fi ń wọn ọjà fún gbogbo oníbàárà. Tí kóńgò bá ti yàtọ̀, kò sí ìdí láti máa jiyàn lórí owó.

Kóńgò tí Amẹ́ríkà ń lò ni bí ọjọ́ orí àwọn ará ìlú wọn ṣe rí lọ́dún 2000. Títí dé orí ìṣirò ọdún 1998, ti ọdún 1940 ni wọ́n ń lò, nígbà tí arúgbó ò tíì pọ̀. Torí náà, bí ẹ bá rí ìwé àtijọ́ tí iye ikú inú rẹ̀ kéré jọjọ, ẹ yẹ kóńgò wò kẹ́ ẹ tó sọ pé jẹjẹrẹ ti ń peléke sí i.

Fún àwọn Hispanic, nǹkan yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ìdajì wọn ni ò tíì ju nǹkan bí ẹni 30 ọdún lọ, nígbà tí ti aláwọ̀ funfun tó bí 44. Láàárín àwọn náà, ará Kúbà dàgbà ju ọmọ Mẹ́síkò lọ dáadáa. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n ṣákálá wé Miami mọ́ ìlú kan ní Texas, Odò àti Òkè lẹ ń wò yẹn.

Wàyí o, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú ọjọ́ orí dọ́gba, ṣé ìyàtọ̀ tán? Rárá. Àwọn olùwádìí tó ya àwọn Hispanic sọ́tọ̀ ní orílẹ̀-èdè bàbá wọn ní Florida, California àti New York rí i pé ọmọ Puerto Rico àti ará Kúbà ló ń kú jù, ọmọ Mẹ́síkò wà láàárín, àwọn tó wá láti Àárín Gbùngbùn àti Gúúsù Amẹ́ríkà ló kéré jù. Irú jẹjẹrẹ tó ń pa wọ́n náà tún yàtọ̀. Sìgá pọ̀ nínú ìtàn àwọn ọkùnrin Kúbà, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sì ń bá wọn jà ju àwọn Hispanic yòókù lọ. Ọmọ Mẹ́síkò kì í fa sìgá tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì ni òpómúléró ìdí tí àpapọ̀ iye Hispanic fi kéré. Láàárín àwọn ọkùnrin Dominican, jẹjẹrẹ próstéètì ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ní erékùṣù Puerto Rico fúnra rẹ̀, òun ni jẹjẹrẹ tó ń pa ọkùnrin jù lọ, nígbà tó jẹ́ pé ti ẹ̀dọ̀fóró ló ń pa ọkùnrin Hispanic jù ní Amẹ́ríkà orí ilẹ̀. Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: ọmọ Amẹ́ríkà ni àwọn ará Puerto Rico, síbẹ̀ wọn kì í sábà ka òkú erékùṣù náà mọ́ ìṣirò gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó máa ń bí mi nínú.

Texas ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ àti ti ikùn ń pa àwọn Hispanic tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti aláwọ̀ funfun. Ẹ wo bó ṣe jẹ́: nínú àpapọ̀ wọ́n sàn jù, nínú àwọn tí kòkòrò àrùn ń fà, wọ́n burú jù. Bakitéríà Helicobacter pylori ló ń dá ọgbẹ́ tó lè di jẹjẹrẹ ikùn sílẹ̀. Kòkòrò hepatitis B àti C ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Fáírọ́ọ̀sì HPV ló wà nídìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ní Texas, pàápàá gúúsù rẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ àti àtọ̀gbẹ tún kún un. Jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní PNPLA3, irú rẹ̀ kan tó ń jẹ́ kí ọ̀rá tètè kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀, wọ́pọ̀ gan-an lára àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ Mẹ́síkò sì pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má fi jíìnì bojú o. Ọmọ Mẹ́síkò tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ló ń ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ju èyí tí wọ́n bí sí Mẹ́síkò lọ. Jíìnì ò yí padà láàárín bàbá àti ọmọ. Oúnjẹ àti ìgbé ayé ló yí padà.

Lẹ́yìn náà ni owó ìtọ́jú. Òfin ìlera tí ìjọba Ọbámà ṣe lọ́dún 2010 fẹ́ mú kí ètò Medicaid, ìyẹn adójútòfò ìlera tí ìjọba ń ṣe fún aláìní, gba ènìyàn púpọ̀ sí i. Ilé ẹjọ́ tó ga jù wá sọ lọ́dún 2012 pé ìpínlẹ̀ tó bá wù ú ló lè ṣe é. California àti New York gbà á, Texas àti Florida kọ̀. Texas ló ní ìdá àwọn tí kò ní adójútòfò ìlera tó pọ̀ jù nínú gbogbo ìpínlẹ̀. Àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ó sì ń rí jẹjẹrẹ kó tó di jẹjẹrẹ. Síbẹ̀ ní àwọn kọ́ńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) tó wà létí ààlà Mẹ́síkò, àrùn yìí ń pa obìnrin ju bó ṣe ń pa wọ́n ní ìyókù Texas lọ.

Kí wá ni ti àpapọ̀ tó kéré yẹn? Lọ́dún 1986, àwọn olùwádìí méjì, Kyriakos Markides àti Jeannine Coreil, kọ̀wé nípa àwọn Hispanic gúúsù ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà pé òṣì ń bá wọn jà, síbẹ̀ wọn kì í kú bí òtòṣì. Àwọn kan ní ẹni tí ara rẹ̀ le ló ń ṣí kúrò nílé. Àwọn mìíràn mú ẹja sálímọ́ọ̀nù ṣàpèjúwe, ẹja tó máa ń wẹ̀ padà sí odò tí wọ́n bí i sí kó tó kú: wọ́n ní aláìsàn ń padà sílé lọ kú sí Mẹ́síkò, Amẹ́ríkà ò sì ní í ka òkú rẹ̀. Lọ́dún 1999, Ana Abraído-Lanza àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gbọ́n sí i. Wọ́n wo ará Kúbà, tí kò rọrùn fún láti padà sílé nítorí òṣèlú, àti ọmọ Puerto Rico, tí ikú rẹ̀ nílé ṣì ń wọ ìwé Amẹ́ríkà tí wọ́n lò. Àwọn náà ṣì ń kú kéré sí aláwọ̀ funfun. Ọ̀rọ̀ ẹja nìkan kọ́.

Bí ẹ bá wá rí máàpù aláwọ̀ mèremère tó ń fi kọ́ńtì wé kọ́ńtì, ẹ wá iye òkú tó wà lábẹ́ àwọ̀ náà. Níbi tí òkú ò bá tó 20, CDC, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó àrùn, fúnra wọn máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ̀n náà kò ṣe é gbára lé: ikú ẹnì méjì lọ́dún kan lè sọ kọ́ńtì kékeré di pupa, kó tún di búlúù lọ́dún kejì.

Ẹ tún rántí ibi tí iye náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ikú ni, ẹni tó ń ṣètò ìsìnkú ló sì sábà máa ń kọ ọ́ sínú rẹ̀ bóyá Hispanic ni òkú. Ọdún 1989 ni ìbéèrè nípa Hispanic wọ inú ìwé ẹ̀rí ikú àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ó sì di 1997 kí gbogbo ìpínlẹ̀ tó gbà á. Ó yẹ kí ẹni tó ń ṣètò ìsìnkú bi ẹbí òkú. Nígbà mìíràn kò ní í bi wọ́n, á kàn wo ojú, á wo orúkọ. Bí òkú náà bá jẹ́ ará Kúbà tó dúdú bíi tèmi tìrẹ, tí ìyàwó rẹ̀ ò sí nítòsí láti dáhùn, dúdú nìkan ni wọ́n á kọ. Ikú kan ti yọ kúrò nínú ìwọ̀n Hispanic ní Florida nìyẹn.