Kí ló dé tí fọ́tò black and white fi ń yọ àwọ̀ ewé lára pírínńtà?

Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Sábó, Ìkòròdú, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí ìnáwó òkú ti ń bọ̀ ní Sátidé, ẹ máa bá ẹnì kan níbẹ̀ tó mú fọ́tò ìyá àgbà dání, èyí tí wọ́n yà láyé ìgbà kan tó ti pọ́n bí omi tíì, tó ní kí wọ́n bá òun enlarge ẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà ó dúdú ó funfun, kò sí wàhálà, àmọ́ kó tó jáde tán lára pírínńtà ọrùn ìyá ti ń yọ àwọ̀ ewé, gèlè wọn ń fà sí pọ́ńkì. Oníbàárà á ní íǹkì ayédèrú ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà pírínńtà ò ṣe ju ohun tí wọ́n ní kó ṣe lọ.

Dúdú gan-an ò ṣòro. Eérú ló ṣòro, àwọ̀ tó wà láàárín dúdú àti funfun, ibẹ̀ sì ni gbogbo ojú èèyàn wà nínú irú fọ́tò yìí. Pírínńtà kékeré tó pọ̀ nígboro, íǹkì mẹ́rin ló ní: dúdú, cyan (búlúù tó mọ́lẹ̀), magenta (pupa tó fà sí pọ́ńkì) àti yẹ́lò. Kò sí eérú níbẹ̀ rárá. Tó bá fẹ́ ṣe eérú, yálà kó máa ta dúdú sílẹ̀ tótòtótò kí funfun bébà hàn láàárín ẹ̀, ìyẹn á sì dà bí ìgbà tí wọ́n wọ́n iyanrìn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá, àbí kó po àwọn mẹ́ta tó kù pọ̀, tí ọ̀kan bá wá fi díẹ̀ ju èkejì lọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni fọ́tò máa tẹ̀ sí. Kódà tó bá dọ́gba lábẹ́ gílóòbù, ó lè yí padà téèyàn bá gbé e síta sínú oòrùn.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe pírínńtà fọ́tò ńlá fi fi íǹkì eérú kún un. Epson gbé íǹkì K3 jáde ní 2005, dúdú mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan dúdú bí kóró iṣin, méjì yòókù fẹ́lẹ́ jura wọn lọ, sẹ́tíǹgì Advanced B&W Photo tó bá a rìn sì máa ń lo àwọn dúdú yìí jù, kálà kàn máa ń wá díẹ̀ síbẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ pírínńtà ọ́fíìsì ńkọ́? Íǹkì dúdú tiwọn jẹ́ pigment, ìyẹn ìyẹ̀fun àwọ̀ tí kì í yọ́ sínú omi, lẹ́tà ni wọ́n ṣe é fún, kì í wọ ara bébà dídán, ó kàn máa ń jókòó lé e lórí, tọ́wọ́ bá kàn án ó ṣí. Torí náà téèyàn bá ti yan glossy, pírínńtà á gbé dúdú yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi kálà mẹ́ta po dúdú tiẹ̀. Ẹni tó ń pariwo pé dúdú kún fọ́fọ́ nínú táǹkì, kí ló dé tí fọ́tò ń yọ ewé, ìdáhùn ẹ̀ rèé.

Bébà náà ní tiẹ̀. Bí aṣọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń mu aró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni bébà ń mu íǹkì. A4 80 gram tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tókọ́pì, inú ló ń mu ún lọ, dúdú á wá rí bí aṣọ tó ti ṣá. Bébà fọ́tò ní nǹkan tí wọ́n fi kùn ún lójú tí kì í jẹ́ kí íǹkì rì. Glossy ló ń gbé dúdú jáde jù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e kọ́ sí pálọ̀, gílóòbù nìkan lẹ máa rí lójú ìyá. Matte kì í dán, dúdú ẹ̀ sì máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀. Luster tó wà láàárín méjèèjì ló dáa jù fún fọ́tò àgbà, jàre.

Pírínńtà tó pọ̀ jù ò sì lójú. Paper type tí wọ́n bá yàn fún un ló fi ń mọ iye íǹkì tó máa dà: tí wọ́n bá fi plain paper sílẹ̀ tí glossy wà nínú ẹ̀, dúdú á fẹ́lẹ́, tó bá jẹ́ òdìkejì, bébà á rẹ gbìndìn á ká kò. Quality gbọ́dọ̀ wà ní high, kí high speed wà ní pípa, kí fọ́tò fúnra ẹ̀ tó 300 ppi (píksẹ́lì 300 nínú ínǹṣì kan) ní ìwọ̀n tó máa jáde. Color management, ìyẹn títún àwọ̀ ṣe kó bá bébà mu, kí ẹnì kan ṣoṣo ṣe é, yálà app àbí pírínńtà, tí méjèèjì bá dáwọ́ lé e wọ́n á bà á jẹ́. Tẹ́ ẹ ò bá mọ ojú bébà tó yẹ kí wọ́n tẹ̀, ẹ fi ìka tó lómi díẹ̀ kan igun ẹ̀, ojú tó bá lẹ̀ mọ́ ìka ni íǹkì máa lọ.

Kí wọ́n gé bébà kan sí mẹ́rin, kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ojú àti gèlè nìkan sára ẹ̀, kó gbẹ, kí wọ́n gbé e jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù wò nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Lásìkò òjò, pẹ̀lú ọ̀sà tó wà lẹ́bàá Ìkòròdú, páálí bébà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ á ti mu omi kílẹ̀ tó mọ́, ọ̀rá ló yẹ kí wọ́n dì í sí. Fọ́tò tó ti jáde náà, kó sùn mọ́jú láìbò kó tó wọ férémù, torí omi tó bá kù lára ẹ̀ á lọ so mọ́ ẹ̀yìn díńgí bí ìrì.