Kí Ẹ Tó Dúró De PS6, Ẹ Wo Ẹnu CD

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ra PS5 ni, àbí kí n ní sùúrù de PS6?" Ìbéèrè tó wà lẹ́nu àwọn oníbàárà mi nìyẹn báyìí. PS ni PlayStation, ẹ̀rọ géèmù tí Sony ń ṣe; PS6 ni èyí tí aráyé ń retí lẹ́yìn PS5. Àwọn òbí náà ń béèrè tiwọn: ọmọ ò jẹ́ kí wọ́n sinmi, owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, wọn ò sì fẹ́ ra ohun tí ayé máa pa tì láìpẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni pé mò ń ta ẹ̀rọ géèmù, tuntun àti tòkunbọ̀, mo sì ń tú u ṣe bó bá bàjẹ́. Èsì tí mò ń fún wọn kì í dùn mọ́ àwọn tó ti lọ ka nọ́ńbà jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ní ẹnu tí CD ń gbà wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn la lè wá jókòó sọ̀rọ̀ agbára.

Agbára kọ́ ló ń parí ìjà yìí. Nígbà tí PS5 àti Xbox Series X jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, teraflops 12 ni Microsoft tó ni Xbox ń fi yangàn, 10.28 ni ti Sony. Teraflops yìí, iye ìṣirò tí ẹ̀rọ ayàwòrán inú rẹ̀ lè ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fi ń wọ̀n. Ẹ wá wo ọjà: nígbà tí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 fi parí, PS5 tí Sony ti kó jáde ti lé ní mílíọ̀nù 84. Microsoft ní tirẹ̀ ti jáwọ́ nínú kíka iye Xbox tó ń tà fún aráyé láti ọdún 2015, ẹni tó bá sì ń borí kì í fi èsì pamọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí tẹ́lẹ̀. Wii tí Nintendo gbé jáde ní 2006 ò lágbára tó PS3 rárá, síbẹ̀ ó tà ju mílíọ̀nù 100 lọ, PS3 ò sì tó 90. PS2 ò lágbára tó Xbox àkọ́kọ́. PS2 tà ju mílíọ̀nù 150, Xbox yẹn ò tó 25.

Ọdún 2013 ni kí ẹ wò dáadáa. Ní oṣù Karùn-ún, Microsoft fi Xbox One han aráyé. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ máa wọ íntánẹ́ẹ̀tì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí 24, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, géèmù ò ní ṣí. Wọ́n tún gbé òfin kalẹ̀ lórí yíyá èèyàn ní CD àti títa àlòkù rẹ̀. Oṣù Kẹfà dé, níbi ìpàtẹ géèmù tí wọ́n ń pè ní E3, Sony fi fídíò kúkúrú kan dá wọn lóhùn: wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ aráyé bí wọ́n ṣe ń yá ara wọn ní géèmù lórí PS4. Àwọn ọ̀gá wọn méjì, Shuhei Yoshida àti Adam Boyes, ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀kan na CD sí èkejì, ìyẹn gbà á. Gbogbo ẹ̀kọ́ náà nìyẹn. Wọ́n tún wá ní dọ́là 399 ni PS4, nígbà tí Xbox One jẹ́ 499 nítorí kámẹ́rà Kinect tí wọ́n dè mọ́ ọn. Kí oṣù náà tó parí, Microsoft ti fagi lé àwọn òfin rẹ̀, àmọ́ omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. PS4 tà ju mílíọ̀nù 117.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ CD tún wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ra CD bọ́ọ̀lù, ẹ gbá a títí ó fi sú yín, ẹ gbé e padà wá sí sọ́ọ̀bù, ẹ fi owó díẹ̀ lé e, ẹ mú òmíràn lọ. Géèmù tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò ṣeé tà, kò sì ṣeé yá ọmọ aládùúgbò. Inú àkáǹtì yín ló máa wà títí ayé. Àkáǹtì náà tún ní wàhálà tirẹ̀. Nàìjíríà ò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí PlayStation Network (PSN), ibi tí a ti ń ra géèmù PlayStation lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń jẹ́ kéèyàn yàn, nítorí náà Amẹ́ríkà tàbí UK làwọn èèyàn wa ń fi sí i. Ibi tí ẹ bá fi àkáǹtì sí ni gift card yín (káàdì tí ẹ fi ń fi owó sínú àkáǹtì) gbọ́dọ̀ ti wá. Káàdì Amẹ́ríkà ò ní wọ àkáǹtì UK, bó ti wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó, ẹni tó tà á fún yín kì í sì í gbà á padà. Ẹ wá fi dátà kún un. Géèmù ńlá kan lè jẹ 100GB, ẹ sì mọ iye tí ẹ̀ ń ra dátà.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń yára ní kí èèyàn lọ ra Xbox Series S, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni owó rẹ̀ kéré jù nínú ìran yìí nígbà tó jáde, dọ́là 299. Ẹ̀rọ tó dára ni: ó kéré, kì í pariwo, kì í jẹ iná. Àmọ́ kò lẹ́nu CD rárá, àyè 512GB inú rẹ̀ sì máa ń tètè kún. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ já gaara, tó sì lè máa san owó Game Pass (ètò Xbox tí èèyàn ń sanwó sí kó lè gbá ọ̀pọ̀ géèmù) lóṣooṣù, á gbádùn rẹ̀. Series X tó lẹ́nu CD ni mo fẹ́ràn jù nínú tiwọn. Ó máa ń ka ọ̀pọ̀ CD Xbox One àti àwọn kan nínú ti Xbox 360. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, PlayStation ló gbòde, ẹ ò ní tètè rí ẹni tí ẹ máa bá pààrọ̀ CD.

PS5 fúnra rẹ̀ pé oríṣi. Èyí tó lẹ́nu CD wà, Digital tí kò ní wà, àti èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó jáde ní ìparí 2023, tí ẹnu CD rẹ̀ ṣeé yọ ṣeé fi. Ẹ ṣọ́ra ńbẹ̀. Tí ẹ bá ra ẹnu CD lọ́tọ̀ tí ẹ sì fi sí i, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ wọ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan kí àwọn méjèèjì tó mọ ara wọn; láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní ka CD kankan. PS5 Pro tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ní dọ́là 699.99 ló ń ya èmi lẹ́nu jù. Òun ló lágbára jù, òun ló wọ́n jù, wọn ò sì fi ẹnu CD sí i. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé láti Peckham tàbí Houston, tí ẹ bá fẹ́ fi Pro dá àbúrò yín lọ́lá, ẹ fi ẹnu CD sínú páálí náà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òdìkejì rẹ̀ náà: gbogbo CD kọ́ ló ní géèmù nínú mọ́. Géèmù Doom: The Dark Ages tó jáde ní 2025, CD rẹ̀ ti PS5 ò ní tó 100MB lára, ìyókù, tó lé ní 80GB, íntánẹ́ẹ̀tì lẹ máa fi fà á. Irú CD bẹ́ẹ̀ ṣì ṣeé tà lẹ́yìn tí ẹ bá gbá a tán, àmọ́ kò gba dátà yín sílẹ̀. Nintendo ṣe irú ẹ̀ fún Switch 2, ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ tó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2025. Àwọn káàdì géèmù kan wà tí wọ́n ń pè ní game-key card: kọ́kọ́rọ́ lásán ni, géèmù ò sí nínú ẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí iwájú páálí, ẹ kà á kí ẹ tó sanwó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Switch 2 bá ọmọ tó fẹ́ràn Mario mu, kì í sì í kú bí NEPA bá mú iná lọ, torí ó ní bátìrì tirẹ̀.

Iná wá ni ọ̀rọ̀ tó kàn, òun ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wá bá mi. Ara ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Tí ẹ bá rí 100-240V, ó bá iná wa mu. PS5, Series X àti Series S wà níbẹ̀. Xbox 360 tó ti Amẹ́ríkà wá ò rí bẹ́ẹ̀, 120V ni búlọ́ọ̀kù iná rẹ̀ ń fẹ́. Ẹni tó bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa á gbọ́ "pàì", òórùn á tẹ̀lé e. PS5 lè máa jẹ nǹkan bíi 200W nígbà tí géèmù bá wúwo. Jẹneréétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" á gbé òun àti tẹlifíṣọ̀n, kò sì ní kú. Ohun tó ń pa PS5 ni iná tó ń lọ sókè sódò, àti kí iná lọ lójijì nígbà tí géèmù ń fi nǹkan pamọ́ lọ́wọ́. UPS tàbí ínfátà ni kí ẹ fi gbà á sílẹ̀. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú rest mode (ìyẹn kó máa sùn láì kú tán) tí ẹ bá mọ̀ pé iná lè lọ. Ẹ pa á pátápátá.

Eruku ọyẹ́ náà ń bẹ. Ìdérí funfun ẹ̀gbẹ́ PS5, ọwọ́ lásán ló ń yọ ọ́, kò gba sukudiráfà. Ẹ pa á, ẹ fa wáyà rẹ̀ yọ, ẹ yọ ìdérí náà. Lára PS5 àkọ́kọ́, ẹ máa rí ihò kékeré méjì tí Sony dìídì ṣe kí eruku lè kó jọ síbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí fà á jáde, ẹ dá ìdérí padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹni tí ẹ gbé e fún bá ní òun fẹ́ tú irin ńlá tó wà lórí ọpọlọ rẹ̀ torí eruku lásán, ẹ gba ẹ̀rọ yín. Sony ò lo ìpara funfun tí gbogbo wa mọ̀ lábẹ́ irin yẹn, irin olómi ni wọ́n fi síbẹ̀. Ó ń gbé ooru kúrò dáadáa, ó sì ń gbé iná pẹ̀lú. Bó bá kán díẹ̀ péré sórí àwọn nǹkan wíńníwínní tó yí ọpọlọ náà ká, tí ẹnì kan sì tan iná sí i, bọ́ọ̀dù náà lè jóná.

Tòkunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà? Ẹ má ra èyí tí wọn ò tàn lójú yín. Ẹ ki CD bọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó pọ̀ ọ́ jáde, ẹ tún kì í. Ẹ rọra mi ìdí wáyà HDMI tó ń gbé àwòrán lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Bí àwòrán bá ń lọ tó ń bọ̀, pín inú rẹ̀ ti tẹ̀. Ẹ fi pádì sílẹ̀ láì fọwọ́ kàn án, kí ẹ wò ó bóyá agbábọ́ọ̀lù ń dá rìn. Ẹ fi géèmù sílẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ gbọ́ ohùn fáànù rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi hotspot fóònù yín gbé e wọ íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ sì wọ àkáǹtì, nítorí Sony lè ti ìlẹ̀kùn PSN mọ́ ẹ̀rọ kan fúnra rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín á sì wá di tiyín. Oníṣòwò tó bá ń kánjú nígbà tí ẹ̀ ń ṣe gbogbo èyí, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀.

Ó ku PS6. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu Sony àti Microsoft nípa ẹ̀rọ tó ń bọ̀ ò tíì pọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Microsoft ní àwọn àti AMD, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ, jọ ń ṣe Xbox tó ń bọ̀, pé géèmù Xbox tí èèyàn ti ní ò ní ṣègbé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Mark Cerny tó ń ya ètò PlayStation jókòó pẹ̀lú ọ̀gá kan ní AMD, ó ní ohun tí àwọn jọ ń kọ́ á wọ ẹ̀rọ tó ń bọ̀ ní ọdún díẹ̀ sí i. Ọdún díẹ̀ ló wí.

Àwọn tó ń sọ pé "jẹ́ kí PS6 dé, PS5 á wálẹ̀", ìrírí PS2 ni wọ́n ń rò, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní dọ́là 299 ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000 tó sì di 99 ní 2009. Ìran yìí ò rí bẹ́ẹ̀, sókè ló ń lọ. PS5 Digital tó jẹ́ 399 ní 2020 di 499.99 ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Xbox Series S tó jẹ́ 299 di 399.99 ní oṣù Kẹwàá. Àwọn ilé iṣẹ́ AI ń ra memory (ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) bí ẹni pé kò ní tó mọ́, inú ọjà kan náà sì ni Sony àti Microsoft ti ń ra tiwọn. Èmi ò lè sọ fún oníbàárà mi pé kó dúró de owó tó máa wálẹ̀.

Bí bọ́ọ̀lù nìkan bá ni tiyín, tí PS4 yín ò sì ṣàìsàn, ẹ jókòó ti í. Géèmù bọ́ọ̀lù EA Sports FC 26 jáde fún PS4, ọdún méjìlá lẹ́yìn tí ẹ̀rọ náà jáde. Ìran tuntun kì í pa ti àtijọ́ lọ́jọ́ tó dé. Tó bá jẹ́ GTA VI lẹ̀ ń dúró dè, tí Rockstar tó ń ṣe géèmù náà fi sí ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 2026, PS5 àti Xbox Series ni wọ́n kéde rẹ̀ fún, PS4 ò sí níbẹ̀. Ẹ ra PS5 ẹlẹ́nu CD. Tí ẹ bá fẹ́ ta PS4 láti fi kún owó rẹ̀, ẹ tà á kí gbogbo àdúgbò tó gbé tiwọn jáde, àmọ́ ẹ má kó àwọn CD rẹ̀ mọ́ ọn. PS5 á ka èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.