Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Àárọ̀ Kan Ṣoṣo Kò Tó Láti Mọ̀ Bóyá Kọ́tísọ́ọ̀lù Pọ̀ Jù

Ìgbàgbọ́ kan wà tí mo ń gbọ́ láti Ìdúmọ̀tà dé Yábà, ó sì ń bí mi nínú: pé ẹni tí ojú rẹ̀ wú róbótó, tí ikùn rẹ̀ yọ, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tín-ín-rín, kí ó sáà lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní láàbù láàárọ̀ ọjọ́ kan, èsì yóò sọ bóyá kọ́tísọ́ọ̀lù, họ́mọ̀nù kan tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Bí iye náà bá ga, wọ́n á ní àrùn tí dókítà ará Amẹ́ríkà nì, Harvey Cushing, ṣàlàyé ní 1932 ni. Bí kò bá ga, wọ́n á ní kò sí nǹkankan. Ìpinnu méjèèjì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà lórí kídìnrín ni ó ń pèsè họ́mọ̀nù yìí, iye rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, ó máa ń ga ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, á sì lọ sílẹ̀ pátápátá ní ọ̀gànjọ́ òru. Àìwálẹ̀ rẹ̀ lóru ni ó ń tú àrùn náà fó. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ họ́mọ̀nù fi ń yẹ itọ́ wò ní ọ̀gànjọ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n ń gba gbogbo ìtọ̀ wákàtí 24, tàbí tí wọ́n ń fún ènìyàn ní dexamethasone, oògùn tí ó ń ṣe bíi kọ́tísọ́ọ̀lù, mílígíráàmù 1 ní aago mọ́kànlá alẹ́, kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti wò ó bóyá kọ́tísọ́ọ̀lù ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 1.8 µg/dL. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tàbí rifampicin tí àwọn oníkọ́ ife ń lò lè da àyẹ̀wò ìkẹyìn yìí rú.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dùn mí jù ni pé a kì í béèrè ohun tí aláìsàn ń fi pa ara tàbí tí ó ń gbé mì. Irú àrùn yìí tí ara fúnra rẹ̀ ń fà ṣọ̀wọ́n gan-an. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ń ti ìta wọlé, láti inú oògùn tí ó ń ṣe bíi kọ́tísọ́ọ̀lù: prednisolone tí wọ́n ń lò fún làkúrègbé láìsí dókítà, dexamethasone tí àwọn kan ń gbé mì kí wọ́n lè sanra, àti clobetasol inú ìpara tí ó ń bó ara, pàápàá àwọn ìpara àdàlù tí kò sí ẹni tí ó kọ ohun tí wọ́n pò sínú wọn sára agolo. Bí clobetasol bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ọpọlọ yóò rò pé kọ́tísọ́ọ̀lù ti tó, yóò sì dá ẹ̀yà orí kídìnrín dúró lẹ́nu iṣẹ́. Láàbù kì í ka clobetasol mọ́ kọ́tísọ́ọ̀lù, nítorí náà iye tí ó kéré ni èsì yóò gbé jáde, nígbà tí ojú ṣì ń wú, tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sì ń yọjú. Báwo ni irú ìwé èsì bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ẹ̀rí pé ìpara kò ṣe nǹkankan?

Èmi kò sọ pé àyẹ̀wò àárọ̀ kò wúlò rárá; lọ́wọ́ dókítà tí ó ti mọ̀ nípa ìpara náà, iye tí ó kéré lè jẹ́ àmì pàtàkì. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ojú tí ó wú ni ọ̀rọ̀ kọ́tísọ́ọ̀lù. Ẹni tí ó bá sì ti ń lo irú ìpara tàbí oògùn bẹ́ẹ̀ pẹ́, kí ó má ṣe dá a dúró lójijì, nítorí ẹ̀yà tí ó ti dákẹ́ kì í jí lọ́jọ́ kan; ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀, ènìyàn lè máa bì, kí ó dákú, ó sì lè gba ẹ̀mí. Dókítà ni kí ó máa bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí aláìsàn sì gbé agolo ìpara tàbí oògùn náà dání lọ.