Ẹ yé fún ọ̀bọ ní bisikíìtì

Ẹ̀yin tíṣà àti òbí tẹ́ ẹ máa ń kó àwọn ọmọ wá sí Lekki Conservation Centre, igbó tí wọ́n ti ń dáàbò bo igi àti ẹranko nílùú Èkó, ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ń sú mi. Bàtà tẹ́ ẹ máa wọ̀, omi tẹ́ ẹ máa gbé dání, ẹ ti mọ ìyẹn. Afárá orí igi náà, mítà 401 ni, ẹ ya fọ́tò níbẹ̀, ó dáa. Àmọ́ torí fọ́tò kọ́ ni wọ́n ṣe dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1990. Ilẹ̀ hẹ́kítà 78 ni, àbàtà pọ̀ nínú ẹ̀, omi òjò tí ì bá máa ya wọlé àwọn èèyàn ni àbàtà ń gbà dúró, ìyẹn ló yẹ kọ́mọ rí kó sì bèèrè.

Dípò ẹ̀, bọ́ọ̀sì ò tíì dúró tán tọ́mọ ti yọ bisikíìtì, ó ń pe ọ̀bọ, tíṣà ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣe fídíò!

Ẹ gbọ́ mi. Mónà lorúkọ irú ọ̀bọ yẹn, igbó ló ń bọ́ ọ, èso, ewé, kòkòrò. Ó ní àpò nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ méjèèjì, á ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ kíá, á sá gun igi, torí náà tẹ́ ẹ bá rí i tó ń já nǹkan gbà wàrà-wàrà, ẹ má sọ pé ebi ń pa á, bó ṣe ń jẹun nìyẹn. Èso tó bá jẹ, á tu kóró míì sílẹ̀ níbòmíì, igi tuntun á hù níbẹ̀. Kí ni bisikíìtì fẹ́ hù? Tó bá sì ti mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn loúnjẹ wà, kò ní bẹ̀rù èèyàn mọ́, ọjọ́ tẹ́ ò bá mú nǹkan dání á já báàgì gbà, tẹ́ ẹ bá bá a fà á, á gé yín jẹ.

Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní igbó ọba kan, ọ̀bọ gé ọmọ kékeré kan jẹ lọ́wọ́ torí ṣinṣín. Kí n tó rí ọṣẹ, àǹtí tó bá wọn wá ti ń fi epo pupa pa á, ó ní bàbá kan ládùúgbò àwọn máa sun irun ọ̀bọ, á lọ̀ ọ́ mọ́ epo, ó parí. Mo pariwo mọ́ ọn. Iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyí, mi ò kí ń fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ dánrawò! Irun sísun ò lè dènà àrùn dìgbòlugi tí ẹranko tó bá géni jẹ lè kó ranni, ajá nìkan kọ́ ló sì ń kó o, ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú, títí kan ọ̀bọ, lè kó o ranni. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn lẹ máa fi fọ ojú ọgbẹ́ yẹn, odindi ìṣẹ́jú 15, ẹ má fi nǹkan dí i, kẹ́ ẹ gbé e lọ ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an kí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tí àmì ẹ̀ bá yọ, ó ti bọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó ń yè é. Ọmọ yẹn gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ pé, ara ẹ̀ le.

Ẹ̀yin tíṣà, inú bọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ ti gba gbogbo ìpanu lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ẹ tì í mọ́bẹ̀, tẹ́ ẹ bá jáde kúrò nínú ọgbà náà kẹ́ ẹ jẹ ẹ́.