Bí odò Ògùnpa ṣe ń di omíyalé

Nínú ọyẹ́, ẹni tó bá dúró lórí afárá ní àárín ìlú Ìbàdàn, tó wo odò Ògùnpa nísàlẹ̀, omi dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló máa rí tó ń wọ́ lọ lórí kọnkéré. Ó níbi tí ọmọdé lè fò ó kọjá. Omi yìí kan náà ló gba ẹ̀mí èèyàn tó lé ní igba ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tó wó ilé lọ bẹẹrẹ, tó sì gbá ẹranko inú ọgbà Agodi lọ. Omíyalé ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Orí òrùlé ló yẹ kí ìṣirò ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, omi lítà kan ni. Ilé tí páànù rẹ̀ gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 10, yóò da lítà 120 sílẹ̀ lórí mìlímítà òjò kọ̀ọ̀kan. Òjò ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tó tún pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún n'Íbàdàn, tó mìlímítà 187.5, kò sì ju wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀ lọ tó fi rọ̀. Ilé kan ṣoṣo yẹn á ti da lítà 22,500 sílẹ̀, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 900. Ẹni tó bá ti dúró lórí òkè Màpó rí, tó wo bí páànù ṣe tò lọ salalu, á mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Nígbà tí igbó ṣì bo etí odò, ewé ló ń kọ́kọ́ gba òjò. Ilẹ̀ á mu tirẹ̀, ìyókù á máa sun wọ odò díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Páànù kì í mu omi, ọ̀dà títì kì í mu ún, bẹ́ẹ̀ ni àgbàlá tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Láti ojúlé dé gọ́tà, láti gọ́tà dé odò, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù tí àgbàrá ń gbà. Ìbàdàn tún jẹ́ ìlú olókè: apá ọ̀tún ń da omi sísàlẹ̀, apá òsì ń dà á, odò Kúdẹ̀tì náà ń gbé tirẹ̀ bọ̀, gbogbo wọn á sì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òjò ọjọ́ mélòó kan bá ti mú kí ilẹ̀ yó ṣáájú, ìwọ̀nba ibi tó ṣì ní erùpẹ̀ náà á kọ omi.

Ojú afárá ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù. Bí òjò bá ti ṣú, àwọn kan á gbé pàǹtí jáde, wọ́n ti fi àgbàrá ṣe akólẹ̀kódọ̀tí ọ̀fẹ́. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà, tìmùtìmù tó ti gbó, ẹ̀ka igi, gbogbo rẹ̀ á lọ há sábẹ́ afárá, wọ́n á lọ́ mọ́ra wọn bí ìtẹ́ ẹyẹ. Omi á wá máa ga lẹ́yìn ìdínà yẹn, á máa padà sẹ́yìn wọ ilé àwọn tó wà lókè odò. Bí ìdínà náà bá já lójijì, àwọn ti ìsàlẹ̀ ló kàn, wọ́n sì lè gba omi tí òjò rẹ̀ kò rọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Wọ́n ní àgbàrá òjò ò lóun ò ní í wólé, onílé ni ò ní í gbà fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan etí Ògùnpa, onílé ló kọ́kọ́ lọ kọ́lé síbi tí omi ń sùn.

Lẹ́yìn 1980, wọ́n la ojú odò náà, wọ́n mú un tọ́, wọ́n sì fi kọnkéré tẹ́ ẹ. Ó ran àárín ìlú lọ́wọ́ gidi. Ṣùgbọ́n kọnkéré ń dán, kò ní gbòǹgbò tàbí òkúta tí ń fa omi sẹ́yìn, nítorí náà omi ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì gbé wàhálà rẹ̀ dé ibi tí kọnkéré parí sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá falẹ̀, yanrìn á jókòó sísàlẹ̀, koríko á hù lórí rẹ̀, jíjìn ojú odò á sì máa dín kù.

Omi ẹ̀ẹ̀rùn yẹn gan-an, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe omi òjò. Omi ìfọṣọ ni, omi ìwẹ̀, omi ọjà, àti èyí tó ń jò láti ṣálángá. Àwọn kòkòrò tójú ò lè rí ń jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀, bí wọ́n sì ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń lo afẹ́fẹ́ inú omi tán. Ẹja ò lè mí mọ́. Irú kòkòrò mìíràn tí kò nílò afẹ́fẹ́ á wá gbapò, àwọn ló ń tú òórùn bí ẹyin tó bàjẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀fọn tó ń kùn létí wa lóru fẹ́ràn irú omi bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń gbé ibà kiri, omi tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sábà ń yé sí.

Kànga etí odò náà ò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí òjò bá pọ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ á ga dé ìdí ṣálángá, á sì gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá sínú kànga. Omi náà lè mọ́ lójú kedere, kó sì gbé àrùn jẹ̀funjẹ̀fun dání.

Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yíyá mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ omíyalé Ìbàdàn. Afárá tó fẹ̀ àti ojú odò tó gbòòrò wúlò, ṣùgbọ́n kíkó ẹrẹ̀ lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbọ́kàn lé lẹ́yìn náà, ó sì lákòókò tirẹ̀: kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ibi tí wọ́n ń kó ẹrẹ̀ náà sí tún ṣe kókó. Bí wọ́n bá kó o jáde tí wọ́n sì gbá a jọ sétí odò láì kó o lọ, òjò ńlá kan péré ló máa dá a padà sínú omi.