Ariwo Tọ́bò: Ibi Tó Ti Ń Wá àti Ohun Tó Ń Ṣe fún Ẹ́ńjìnnì

Atẹ́gùn ló ń pariwo nínú tọ́bò, ohùn kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi tó ti ń jáde. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ ló máa mọ èyí tó jẹ́ ariwo lásán, yàtọ̀ sí èyí tí ẹ́ńjìnnì yóò jìyà rẹ̀.

Nínú tọ́bò, èéfín gbígbóná tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì ló ń yí fáànù kan. Ọ̀pá irin kan so fáànù yìí mọ́ èkejì tó ń fa atẹ́gùn wọlé, tó sì ń fún un pọ̀ kó tó dé inú ẹ́ńjìnnì. Nínú ọkọ̀ kékeré, ọ̀pá yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Eré àsápajúdé yẹn ló ń dún "fíííí" bí awakọ̀ bá tẹ tọ́tù. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ máa ń fi àpótí ike bo ohùn náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá yọ àpótí yìí, tó fi fílítà gbangba rọ́pò rẹ̀, yóò gbọ́ ọ kedere. Ewu ibẹ̀ kò pọ̀, àfi pé fílítà náà á máa fa ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, agbára á sì dínkù díẹ̀.

Ohùn tí wàhálà wà nídìí rẹ̀ ni ti ìgbà tí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ọkọ̀ Subaru Impreza WRX, tó ní tọ́bò. Bó bá ń sáré, atẹ́gùn tó wà láàárín tọ́bò àti ẹ́ńjìnnì ti le koko. Awakọ̀ fẹ́ yí jíà, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ́ńjìnnì sì pa dé. Tọ́bò ṣì ń yí. Atẹ́gùn tí kò ríbi gbà á padà wá kọlu fáànù tó tì í, á tún lọ, á tún bọ̀: "ṣù-tù-tù-tù." Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ṣe fi fáàfù kan síbẹ̀, tó ń dá atẹ́gùn náà padà sínú páìpù tó ń wọ tọ́bò. A kì í sábà gbọ́ ọ.

Àwọn tó fẹ́ràn ariwo máa ń yọ fáàfù yìí, wọ́n á fi èyí tó ń tú atẹ́gùn síta rọ́pò rẹ̀. "Pṣẹ́ẹ̀!" Ó dùn létí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú WRX, sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́yìn fílítà, níwájú tọ́bò, tó ń wọn gbogbo atẹ́gùn tó ń wọlé. Iye tó bá kà ni brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, fi ń bu epo. Atẹ́gùn tí fáàfù ilé iṣẹ́ ń dá padà ti kọjá sẹ́ńsọ̀, a kò ní tún un kà. Èyí tí wọ́n tú síta ńkọ́? A ti kà á, kò sì sí mọ́, síbẹ̀ epo rẹ̀ á wọlé. Èéfín dúdú á bú jáde nígbà tí wọ́n bá ń yí jíà, plọ́ọ̀gì á dú, ọkọ̀ lè kú bó bá ń dúró ní oríta, epo tí kò jóná á sì lọ máa jó nínú kátálísì (ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù èéfín) títí tí yóò fi bà á jẹ́. Bí sípíríǹgì fáàfù náà bá rọ̀ jù, ó tún lè ṣí nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kó máa fa eruku wọlé láìgba inú fílítà.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló rí báyìí. Èyí tó ń fi ìfúnpá inú páìpù ṣírò atẹ́gùn kò ní ṣìṣirò. Ariwo nìkan ló máa rí gbà o, kò ní fi agbára kankan kún un.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń dí fáàfù náà pa nítorí "ṣù-tù-tù" yẹn. Mi ò rí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá rọra tẹ tọ́tù, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, atẹ́gùn á máa ti ọ̀pá tọ́bò síwá-sẹ́yìn, á sì máa jẹ bíárìn tó ń gbára lé ọ́ìlì. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ yọ páìpù tó ń wọ tọ́bò, kí ẹ di orí ọ̀pá náà mú. Bó bá mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kò burú. Bó bá ń wọlé tó ń jáde lọ́wọ́ yín, bíárìn ti ń lọ nìyẹn, ọ́ìlì jíjó àti èéfín aláwọ̀ búlúù kò jìnnà mọ́.

Ti ọkọ̀ dísù (diesel) yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ti ìlẹ̀kùn atẹ́gùn bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀, nítorí náà fáàfù yìí kò níṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Fèrè kékeré tí wọ́n ń tì bọ ẹnu sálẹ́ńsà kò sì kan tọ́bò rárá. Ó kàn ń dí ọ̀nà èéfín ni.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ "pṣẹ́ẹ̀" nínú ọkọ̀ tó ní sẹ́ńsọ̀ lè ní kí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ gbé sẹ́ńsọ̀ náà lọ sẹ́yìn fáàfù, nítòsí ìlẹ̀kùn ẹ́ńjìnnì, kó lè jẹ́ atẹ́gùn tó kù ni yóò máa kà. Wọ́n á tún brain box tò pẹ̀lú, nítorí bí páìpù ibẹ̀ bá tóbi tàbí kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iye tí sẹ́ńsọ̀ ń kà á yí padà.